Ìkòkò Oníyanrìn Jésùtómi

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kejì

Ìwé méjì ni Dókítà Folúkẹ́ kó lé mi lọ́wọ́ lónìí. Ọ̀kan wà fún nọ́ńbà. Ó ní kí n máa fi èkejì kọ ohun tó bá ń lọ nínú ilé, pé tèmi ni, òun ò ní béèrè rẹ̀. Kò mọ ẹni tó fún ní ìwé. Èmi Motọ́lání, tí gbogbo ọlọ́kadà Ilútitun ń pè ní Rédíò! Kó tó di Àjíǹde ìwé yìí á ti kún, ara ògiri ni n ó máa kọ ìyókù sí.

Ìkòkò dé. Ìkòkò kékeré wà nínú ìkòkò ńlá, iyanrìn wà láàrin méjèèjì, aṣọ tútù wà lórí. Ilé méjìlá tó ní ọmọ alátọ̀gbẹ ni wọ́n pín in fún, láti Òkìtìpupa dé Ìyánsàn. Ìwádìí oṣù mẹ́ta ni, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè mú abẹ́rẹ́ ínsúlínì tutù níbi tí kò sí iná. Bí iyanrìn bá ṣì ń rin, oògùn á yè. Bó bá gbẹ, ooru á pa á. Èmi ni n ó máa bu omi sí i láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, èmi ni n ó máa wo ẹ̀rọ tó ń wọn ooru inú rẹ̀, tí n ó sì máa kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Èmi náà ni n ó máa gún Jésùtómi àbúrò mi lábẹ́rẹ́, torí Mọ́mì máa ń kó pupuru, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tá a ń yan lórí èéfín, lọ tà ní Ọ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Ká kúkú sọ pé mátírọ́nì, dókítà àti panápaná ilé yìí ni mí.

Mo bi Dókítà bóyá súwíìtì ló fa àìsàn Tómi. Ó ní rárá o. Ó ní àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ara rẹ̀, tó yẹ kí wọ́n máa lé àìsàn, ni wọ́n ṣìnà tí wọ́n dojú ìjà kọ ibi tí ara ti ń pèsè ínsúlínì, wọ́n sì bà á jẹ́ kanlẹ̀. Mo ní, "Háà, mà, bíi fijilanté tó yìnbọn pa lánlọ́ọ̀dù!" Ó rẹ́rìn-ín títí ìgò ojú rẹ̀ fi já bọ́. Ó ní òun á fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù Kejì

Ooru òní lè se ẹyin mọ́ adìẹ nínú. Ìta jẹ́ mẹ́rìndínlógójì, inú ìkòkò jẹ́ mẹ́rìnlélógún! Bàágì omi ọ̀rá kan ti di irinwó náírà, kò sì tutù. Tómi gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ìkòkò, ó ní òun fẹ́ kó lọ síbẹ̀. Mo ní kó kọ́kọ́ san owó ilé. Ó ní òfin wo ló ní kí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án san owó ilé? Ìdí tá a ṣe ń pè é ní Lọ́yà nìyẹn. Bó o bá ní kó lọ wẹ̀, á ní kó o mú ẹ̀rí wá.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù Kejì

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá wa tó ti kú, kò tíì gba ìkòkò gbọ́. Ó jókòó ti ààrò tó ń fi yan pupuru, èéfín bò ó bí ìbòrí ìyàwó.

"Ọma mi, ghá," ó ní. Mo lọ. "Ìkòkò wo ni kì í gbé orí iná? Kí lẹ ń se nínú rẹ̀?"

"Oògùn ni, Ìyá Àgbà."

"Bí ẹ ò bá wá bu omi sí i ńkọ́?"

Èmi náà kàn fẹ́ gbádùn ara mi. Mo ní, "Ha! Bí iyanrìn yìí bá gbẹ báyìí, oògùn á kan. Kíkan gidi, ju ọbẹ̀ ilá ọjọ́ mẹ́ta lọ! Òórùn ẹ̀ á dé Ìgbókòdá, ọba á ránṣẹ́ pè wá."

"Á kan?"

"Bí ọbẹ̀ àná!"

Ojú rẹ̀ là bíi ti òwìwí. Mo rẹ́rìn-ín dé ẹ̀yìnkùlé.

Ọjọ́ Àìkú, 16 oṣù Kejì

Ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ọlọ́kadà ti bẹ̀rẹ̀ ní Òkìtìpupa láti Ọjọ́bọ̀. Desmond ló ń ṣọ́ ilé fún Ilútitun. Bó ṣe ń fò, ẹyẹ ń yà fún un lọ́nà. Ariwo tí mo pa kò jẹ́ kí ohùn mi jáde mọ́.

Mo kọ nọ́ńbà ọ̀sẹ̀ tó kọjá àti ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: 24, 25, 24, 23, 24. Mo fi 26 kan há àárín kó má baà jọ irọ́. Ọpọlọ mi yìí, ó yẹ kí wọ́n fi mí ṣe mínísítà. Omi iyanrìn, n ó bù ú lọ́la.

Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù Kejì

Mo wọn ṣúgà Tómi láàárọ̀: 412. Mi ò rí irú ẹ̀ rí. Òun náà ń mu omi bíi màlúù Fúlàní, ó sì tọ̀ sílé lánàá, òun tó ti jáwọ́ ńbẹ̀ láti ọdún mẹ́rin.

Mo ní, "Lọ́yà, kí lo jẹ?"

"Mi ò jẹ nǹkan kan."

"Ṣé afẹ́fẹ́ ló di ṣúgà?"

"Mo ní mi ò jẹ nǹkan kan, Àǹtí Lání."

Mo sọ ọ́ ní Olè Súwíìtì. Mo fi kọrin títí a fi dé ẹnu géètì ilé ìwé wọn. Kò dá mi lóhùn. Ó yà mí lẹ́nu, Tómi tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ó bọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 23 oṣù Kejì

Mọ́mì dé láti Ọ̀rẹ̀, ó ní Tómi ti rù. Mo ní olè ni, ẹ bi í léèrè ibi tó ń kó súwíìtì sí. Mọ́mì kúnlẹ̀ fún un láàrin ilé. "Ọkọ mi, fi ẹnu sílẹ̀, jọ̀ọ́. Ìwọ nìkan ni ọkùnrin tó kù fún mi nílé." Tómi wò mí. Ó ní, "Mọ́mì, mi ò jẹ nǹkan kan." Mọ́mì sunkún. Wọ́n ṣe àdúrà fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì kí ẹ̀mí wọ̀bìà lè bọ́ lára rẹ̀.

Oògùn inú ìgò ti ń ní kókó nínú bí ògì tí wọn ò sẹ́ dáadáa. Mo mì í, mo gún un.

Ọjọ́rú, 26 oṣù Kejì

Ẹ̀rọ tó ń wọn ṣúgà kò kọ nọ́ńbà mọ́, HI ló kọ. Mo mọ̀ pé ó túmọ̀ sí pé ṣúgà ti kọjá ohun tó lè kà. Tómi ní, "Ó ń kí wa." Ohùn rẹ̀ ti lọ sísàlẹ̀.

Mo tú àpò ìwé rẹ̀. Súwíìtì mẹ́rin wà ní ìsàlẹ̀. Mo pariwo, mo ní ọwọ́ pálábá ẹ̀ ti ségi! Ó ní Vivian tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì ló ń fún òun, òun sì ń kó o pamọ́ dè mí.

Mo ní irọ́ ni. Mo gbá a létí.

Ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Ó ní, "Àǹtí Lání, ẹni tó bá jẹ súwíìtì, ṣé ọ̀rá ẹ̀ á ṣì wà ní dídì?"

Mo ní kó pa ẹnu mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 27 oṣù Kejì

Ó bì láti àárọ̀. Lọ́sàn-án ó ń mí bí ẹni tó sáré láti Ìrèlè dé ibí, ẹnu rẹ̀ ń run bí ọ̀pẹ òyìnbó tó ti rà. Desmond gbé wa. Tómi wà láàrin, mo fi ìró Mọ́mì dì í mọ́ Desmond lẹ́yìn. Ojú ọ̀nà yẹn, mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé ihò rẹ̀ lè gbé erin mì. Lónìí ihò kọ̀ọ̀kan ni mo ń bẹ̀.

Ní ọsibítù Òkìtìpupa, Nọ́ọ̀sì Dora tó máa ń bá Dókítà Folúkẹ́ wá sílé wa ló gbà á lọ́wọ́ mi. Ó gbóòórùn ẹnu rẹ̀, kò bi mí ní nǹkan kan, ó kàn sáré. Wọ́n fi omi sí i lára, wọ́n fún un ní ínsúlínì tuntun.

Mọ́mì dé ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ìyẹ̀fun pupuru lára.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 oṣù Kejì

Ó la ojú ní ẹ̀ẹ̀kan. Ó béèrè omi. Mo bu ìwọ̀n ṣíbí kan sí i lẹ́nu, mo ní, "Lọ́yà, ẹjọ́ ṣì ń bẹ nílẹ̀ o, dìde." Kò gbọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 oṣù Kẹta

Tómi kú ní aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀.

Wọ́n ti sin ín. Wọn ò jẹ́ kí Mọ́mì dé ibẹ̀, òbí kì í wo ibojì ọmọ. Mo lọ. Desmond àti àwọn ọlọ́kadà mẹ́ta ló gbẹ́ ilẹ̀. Wọ́n parí rẹ̀ kíákíá, torí kò gùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù Kẹta

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Mo sùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù Kẹta

Dókítà Folúkẹ́ àti Nọ́ọ̀sì Dora wá kí wa. Dókítà di ọwọ́ Mọ́mì mú. Ọmọ Ìbàdàn ni, ó máa ń kúnlẹ̀ kí Ìyá Àgbà. Lónìí ó kúnlẹ̀, kò dìde.

Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́. Wọ́n ti yẹ oògùn tó kù nínú ìgò Tómi wò. Kò lágbára kankan mọ́, omi lásán ni mo ń gún sí i lára. Ó ṣí ìwé nọ́ńbà mi. Ó fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀: 24, 25, 24.

"O gbìyànjú, Motọ́lání. Ojoojúmọ́ lo kọ ọ́." Ó pa ìwé dé. "Bí ìkòkò bá wà ní mẹ́rìnlélógún tí oògùn ṣì kú sínú rẹ̀, a ò lè fọkàn tán ìkòkò náà mọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì a ó kó o kúrò nílé mọ́kànlá tó kù."

Mọ́mì béèrè pé kí ni àwọn ọmọ yẹn á wá máa lò. Dókítà ní yìnyín, bí wọ́n bá rí i rà.

Mo wo ilẹ̀. Mo mọ̀ pé iyanrìn gbẹ. Mo mọ̀ pé irọ́ ni nọ́ńbà. Mi ò sọ.

Wọ́n ń gbé ẹrù sínú ọkọ̀ nígbà tí Ìyá Àgbà fi ọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ ìkòkò. Èmi nìkan ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Kì í ṣe ẹ̀bi ìkòkò. Mi ò jẹ́ kó kan rárá, ọma mi. Mo rí i pé iyanrìn ti gbẹ, mo rántí ohun tó o sọ. Láràárọ̀, kí ẹ tó jí, mo máa ń gbé ìgò náà sínú omi gbígbóná lórí iná, bí a ṣe ń gbé àgbo kaná. N ó fi í sílẹ̀ dáadáa, kí n tó dá a padà. Kò kan lọ́jọ́ kan ṣoṣo."

Ó ń ṣìpẹ̀ fún mi ni. Ó rò pé ohun tó ń dùn mí ni pé bóyá ó kan.

Ọjọ́rú, 12 oṣù Kẹta

Mi ò lè jẹun. Bí mo bá sọ ọ́, Ìyá Àgbà á mọ̀ pé ọwọ́ òun ni oògùn kú sí. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni. Bí mi ò bá sọ ọ́, wọ́n á kó ìkòkò ọmọ mọ́kànlá lọ nítorí irọ́ mi. Mo ronú pé kí n sọ pé èmi ni mo gbé e kaná. Irọ́ mìíràn tún nìyẹn. Irọ́ kì í sú mi tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù Kẹta

Desmond gbé mi lọ sí Òkìtìpupa. Lójú ọ̀nà ó ní, "Rédíò, bátìrì tán ni?"

Dókítà Folúkẹ́ ń jẹ ẹ̀pà nínú ọ́fíìsì. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní, "Mà, irọ́ ni nọ́ńbà yẹn. Mo lọ wo bọ́ọ̀lù. Mi ò bu omi sí i. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo fi kọ gbogbo ẹ̀." Mo sì sọ ti Ìyá Àgbà, mo sọ ti ẹ̀fẹ̀ tí mo fi bà á lẹ́rù. Mo sọ ti ìgbátí náà, kò tilẹ̀ béèrè ìyẹn.

Mo dúró de ìgbájú. Ó yọ ìgò ojú rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Ẹ gbé e kaná," ó ní, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ìyá mi náà máa ń gbé àgbo kaná. Mo kọ́ ìwọ, mo kọ́ Mọ́mì yín. Ẹni tó ń dá iná nílé, mo kúnlẹ̀ kí i, mi ò bá a sọ nǹkan kan."

Ó pe ilé mọ́kànlá lórí fóònù níṣojú mi. Gbogbo àwọn ìyá ọmọ ní rárá, àwọn ò gbé e kaná rí. Ó ní kí ìkòkò ṣì dúró ná. Ó ní òun á tẹ ìwé ìkìlọ̀ tuntun jáde.

Mo sọ fún Mọ́mì ní ìrọ̀lẹ́, nípa nọ́ńbà, nípa omi, nípa iná. Ó gbọ́ ọ tán. Ó wọlé.

Ọjọ́ Àìkú, 16 oṣù Kẹta

Mọ́mì kò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Adìẹ ló ń bá sọ ọ́. "Ẹ̀yin adìẹ, kí ẹni tó fẹ́ jẹun bu oúnjẹ." Ó ní kí n má sọ fún Ìyá Àgbà. Adìẹ náà ló sọ ọ́ fún.

Ọjọ́ Ajé, 24 oṣù Kẹta

Nọ́ọ̀sì Dora mú ìwé ìkìlọ̀ wá kí n wò ó bóyá Yorùbá rẹ̀ yé èèyàn. Àwòrán pọ̀ nínú rẹ̀. Mo fi í sábẹ́ Bíbélì. Nígbà tí mo fi máa dé láti odò, Ìyá Àgbà ti tẹ́ ẹ lé itan.

"Ghá ka èyí fún mi."

Mo kà á. Kí wọ́n máa bu omi sí iyanrìn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Kí wọ́n má gbé ìkòkò sínú oòrùn. Mo fo ìlà kẹta. Mo ka ìkẹrin.

Ó fi ìka lé àwòrán kan. Kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n iná ni wọ́n yà síbẹ̀, àti ìkòkò ọbẹ̀, àti ìgò kékeré, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa fa igi méjì já a láàrin.

"Iná rèé," ó ní. "O ò ka ti iná."

Mo fẹ́ ká ìwé náà, ó dì í mú.

"Motọ́lání. Kí ni wọ́n ní kí wọ́n má ṣe?"

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Èmi ni mo ní á kan, Ìyá Àgbà. Ẹ̀fẹ̀ ni mo ń ṣe. Èmi ni mi ò bu omi sí i. Èmi ni mo pa á."

Pupuru ń jóná lórí ààrò, kò sẹ́ni tó yí i. Kò sunkún. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń yí wọn síwá sẹ́yìn.

Ọjọ́bọ̀, 27 oṣù Kẹta

Kò jẹun láti ọjọ́ Ajé. Mọ́mì ò lọ sí Ọ̀rẹ̀. Ó wọ yàrá tọ̀ ọ́ láàárọ̀ òní, mo gbọ́ tí àwọn méjèèjì ń sunkún pọ̀. Mi ò wọlé. Ta ló pè mí?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 oṣù Kẹta

Ìyá Àgbà wẹ̀, ó wọ bùbá ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní kí n pe Desmond wá, kó gbé òun lọ sí ilé àwọn ọmọ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mọ́mì ní, "Màmá, Dókítà ti pè wọ́n. Gbogbo wọn ní rárá."

"Ta ló pè?"

"Àwọn ìyá ọmọ."

"Eunice, ìwọ ńkọ́? Ká ní ó pè ọ́ nígbà yẹn, kí lo máa sọ?"

Mọ́mì wo ojú mi, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì. "Dì í mú dáadáa lórí ọ̀kadà," ó ní. Èmi ló sọ ọ́ fún.

A kọ́kọ́ lọ sí Ìyánsàn. Ilé Jethro la yà sí, ọmọ ọdún méje kan tó rù, tó ń fi èékánná họ ọ̀pá ìrèké tí wọn ò jẹ́ kó jẹ. Ìyá rẹ̀ Adéìfẹ́ gbé àga fún wa. Ó ní, "Màmá, a gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n nílé tiwa, a ò gbé e kaná rí, mo ti sọ fún Dókítà."

Ìyá Àgbà kò wo ojú rẹ̀. Ìyá arúgbó kan wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, tó ń ṣa ẹ̀wà. Òun ni Ìyá Àgbà tọ̀ lọ. Ó jókòó tì í nílẹ̀, ó bá a ṣa ẹ̀wà díẹ̀.

Ó ní, "Ọma ọma mi ló kú. Jésùtómi lorúkọ rẹ̀. Mo rò pé oògùn rẹ̀ fẹ́ kan, ni mo bá ń gbé e kaná láràárọ̀. Iná ni kò fẹ́. Ọwọ́ mi yìí ni."

Ìyá arúgbó náà gbé ẹ̀wà kúrò lórí itan. Ó dìde, ó di ògiri mú, ó wọ inú ilé ìdáná. Adéìfẹ́ ń wò ó. Ó pẹ́ níbẹ̀.

Ìkòkò kékeré kan ló gbé jáde, irú èyí tá a fi ń gbóná ọbẹ̀ ọmọdé. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà, ó ṣí i. Omi inú rẹ̀ ṣì ń rú èéfín. Ìgò oògùn Jethro wà ní ìsàlẹ̀.